Ẹni ọdún 25 tó ń sá fún ìhunjọ: èwo ló ṣeé dá dúró, èwo ni kò ṣeé dá dúró?

"Mo ti pé ọdún 25. Kí ni kí n máa fi para kí ojú mi má baà gbó?" Àwọn dókítà awọ ara ń gbọ́ ìbéèrè yìí dáadáa lóde òní, ẹni tó sì ń béèrè rẹ̀ kì í sábà ní ìlà kankan lójú. Awọ ara rẹ̀ ń dán. Ohun tó ń bà á lẹ́rù lè má ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, àmọ́ ìpara ti kún orí tábìlì rẹ̀, ó sì ti ń ronú abẹ́rẹ́.

Mi ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àdúrà ká dàgbà ká dògbó, gbogbo wa là ń ṣe àmín sí i. Kó wá hàn lójú wa pé àdúrà ti gbà, ìyẹn la ò fẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dojú rú ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní ogbó. Àkọ́kọ́ ni gbígbó tí ara fúnra rẹ̀ ń gbó, tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni látọjọ́ tí wọ́n ti bíni. Èkejì ni bí oòrùn, èéfín sìgá àti irú wọn ṣe ń ba awọ ara jẹ́. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ogbó rárá: awọ tó gbẹ ni, àìsùn dáadáa ni, àwòrán tí fóònù yà ni. Àwọn tó ń polówó ìpara mọ̀ pé ẹ̀kẹta ló ń tètè kó ìpayà bá ọ̀dọ́. Wọ́n á fi ìyẹn dẹ́rù bà á, wọ́n á ṣèlérí pé àwọn máa wo àkọ́kọ́ sàn fún un, wọn ò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa èkejì, bẹ́ẹ̀ èkejì yìí gan-an ni ọ̀dọ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá dúró.

Èyí tó ti inú wá

Lábẹ́ awọ tí à ń fọwọ́ kàn, ìpele kan wà tó nípọn jù ú lọ. Ibẹ̀ ni kọ́lájẹ́nì wà, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí ara ń hun, tó ń mú kí awọ dúró gírí. Ẹlásítìn ló ṣìkejì rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí awọ padà sáyè rẹ̀ bí a bá fà á. Láti ìgbà tí èèyàn bá ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún ni kọ́lájẹ́nì ti ń dín kù. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò ni nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Tó bá yá, ọ̀rá abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fà sẹ́yìn, eegun ojú pàápàá á dín kù. Ìdí nìyí tí ojú àgbà fi máa ń rọ̀ wálẹ̀, kì í ṣe pé ó hunjọ nìkan.

Ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kì í ṣe ohun tí dígí lè fi han ẹni ọdún 25. Kò sì sí ìpara kankan tó lè ní kí ó má ṣẹlẹ̀.

Ti ewú tún rọrùn láti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń fi àwọ̀ sí irun. Bí wọ́n bá ti tán, irun tó bá hù níbẹ̀ á funfun. Ìdílé ló sábà ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa tán: bí bàbá tàbí ìyá bá tètè hewú, kí ọmọ náà máa retí tirẹ̀. Àwọn dókítà kì í sọ pé ewú aláwọ̀ dúdú yá jù àyàfi tó bá jáde kó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ti aláwọ̀ funfun, kó tó pé ogún. Ẹni tó bá hewú púpọ̀ ní kékeré, tí kò sì sí irú ẹ̀ nílé wọn, ó dáa kó lọ ṣàyẹ̀wò bóyá fítámì B12 rẹ̀ kéré tàbí thyroid rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó wà ní ọrùn, ń ṣe ségesège. Irọ́ sì ni pé bí a bá fa ewú kan tu, méjì á hù dípò rẹ̀. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé bí èèyàn bá ń fà á tu léraléra, ojú ibẹ̀ lè pá.

Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ gbó lápá kan

Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ New England Journal of Medicine gbé àwòrán ọkùnrin ẹni ọdún 69 kan jáde. Ọdún 28 ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Apá ọ̀tún ojú rẹ̀ kò ju ojú àgbàlagbà lásán lọ. Apá òsì, èyí tó máa ń kọ sí fèrèsé ọkọ̀, ti ki, ó ti hunjọ wọlé lọ gbọnrangandan láti iwájú orí dé ọrùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ibẹ̀ sì ti wọ́ wálẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo ìdajì àwòrán náà, tí ẹ tún bo ìdajì kejì, ẹ ó rò pé èèyàn méjì ni. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan náà ni, bàbá kan náà ló bí i, oúnjẹ kan náà ló ń jẹ, oorun kan náà ló ń sùn. Oòrùn tó ń pa á lápá òsì ni kò bá ti ọ̀tún dọ́gba, gíláàsì fèrèsé sì wà láàárín wọn.

Báwo ni oòrùn ṣe gba inú gíláàsì kọjá? Ìtànṣán oòrùn méjì ló kàn wá níbí, ojú ò sì lè rí èyíkéyìí nínú wọn. UVB ló ń jó awọ, gíláàsì sì ń dí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. UVA ò fi bẹ́ẹ̀ jóni, àmọ́ ó ń gba inú gíláàsì kọjá, ó sì ń wọlé dé ibi tí kọ́lájẹ́nì àti ẹlásítìn wà, á máa bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé kì í dunni, èèyàn kì í fura. Ohun tí ẹni ọdún 22 ń gbà sára lónìí, ó lè di ẹ̀yìn ọdún 40 kó tó rí i nínú dígí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ síbì kan, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà, ó sì lágbára. Nílùú Nambour ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ kó èèyàn 903 jọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì pé ọdún 55, wọ́n sì pín wọn láìṣe ojúsàájú. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ìpara adènà oòrùn para lójoojúmọ́, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n fi sílíkóònù mú àwòṣe ẹ̀yìn ọwọ́ wọn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún mú un lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, kí wọ́n lè wo bí ìlà awọ ṣe pọ̀ sí i. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2013, gbígbó awọ àwọn tó ń para lójoojúmọ́ fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Ìwádìí kan náà tún dán beta-carotene oníhóró tí wọ́n ń gbé mì wò, ìyẹn èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, wọn ò rí àǹfààní kankan tó ṣe fún awọ lápapọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ ta hóró oògùn tó ń dá ogbó dúró fún yín, ẹ bi í pé ìwádìí wo ló jọ ti Nambour tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀.

Aláwọ̀ dúdú á ní, "Ìyẹn ò kàn mí, mẹ́lánì mi, èròjà tó ń mú awọ mi dúdú, tó mi í dáàbò bò." Òótọ́ ni, dé àyè kan. Ìhunjọ máa ń pẹ́ kó tó hàn lójú aláwọ̀ dúdú. Àmọ́ oòrùn ò fi í sílẹ̀, ibòmíì ló ń gbà yọ: àbàwọ́n dúdú, àwọ̀ tí kò dọ́gba, ojú ibi tí rorẹ́ ti jinná tó kọ̀ tí kò parẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń fojú rí pàápàá lè mú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ dúdú sí i, ìpara adènà oòrùn tí wọ́n fi iron oxide pa láró, tó ń ní àwọ̀ bíi ti awọ ara, ló sì dára jù fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń rí àbàwọ́n yẹn, wọ́n á sì lọ fi ìpara abóra tó ní sítẹ́rọ́ìdì lé e. Sítẹ́rọ́ìdì tí èèyàn ń fi para fún ọjọ́ pípẹ́ ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa hàn gbangba lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń sá fún gan-an ló fowó ara rẹ̀ rà.

Díẹ̀ nípa nọ́ńbà tó wà lára ike ìpara náà, torí ó ń rú èèyàn lójú. SPF ń sọ bí ìpara ṣe ń dí UVB tó. SPF 15 ń dí nǹkan bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún, 30 ń dí nǹkan bí 97, 50 ń dí nǹkan bí 98. Ẹ wò ó bí 30 àti 50 ṣe súnmọ́ra tó. Ọ̀rọ̀ "broad spectrum" ni kí ẹ wá lára rẹ̀, òun ló fi hàn pé ó ń dí UVA pẹ̀lú. Iye tí à ń para sì ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà lọ: ní ibi tí wọ́n ti ń dán an wò, wọ́n ń para kó nípọn dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í para tó ìdajì ìyẹn. Ìlà gígùn méjì lórí ìka ọwọ́ méjì, ìyẹn ló tó ojú àti ọrùn. Fìlà tó ní etí gbígbòòrò àti ìbòòji ò ní nọ́ńbà kankan lára, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́.

Sìgá ló tẹ̀ lé oòrùn. Ní Twinsburg, ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ìbejì máa ń kóra jọ lọ́dọọdún. Àwọn oníṣẹ́ abẹ lo àǹfààní yẹn láti ya àwòrán àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu, tí ọ̀kan ń mu sìgá tí èkejì ò mu, tàbí tí ọ̀kan ti mu ún pẹ́ ju èkejì lọ. Wọ́n kó àwòrán náà fún àwọn tí kò mọ ẹni tó ń mu ún. Ojú amusìgá ni àpò abẹ́ ojú àti ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu ti hàn jù.

Èyí tí kì í ṣe ogbó

Awọ tó gbẹ máa ń yọ ìlà wínníwínní, pàápàá lábẹ́ ojú. Bí ẹ bá fi ìpara tó ní glycerin tàbí hyaluronic acid sí i, omi á dúró nínú awọ, ìlà náà á lọ láàárín wákàtí kan. Bí ẹ bá fọ ojú tán, ó lè padà wá. Kò sí ohun tó burú nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, èmi náà ń lò ó. Ohun tó burú ni kí wọ́n ya àwòrán ojú gbígbẹ, kí wọ́n ya òmíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti para tán, kí wọ́n wá ní ìhunjọ ti lọ.

Ti fóònù ńkọ́? Ní ọdún 2018, àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú kan ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò rẹ̀: bí fóònù bá wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí ojú, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ya ara wọn, imú á hàn bíi pé ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Kámẹ́rà tó bá súnmọ́ni jù máa ń fẹ ohun tó wà níwájú. Ẹni tó bá ń wo ojú ara rẹ̀ báyìí ní ìgbà ogún lójúmọ́, ojú tí kò sí ẹlòmíì tó ń rí i ló ń wò.

Inú ike ìpara

Kọ́lájẹ́nì tí wọ́n pò mọ́ ìpara tóbi ju ohun tó lè gba inú awọ wọlé lọ, orí awọ ló ń jókòó sí. Ní Amẹ́ríkà, ìpara ẹ̀ṣọ́ kò nílò ìfọwọ́sí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kó tó dé ọjà, àyàfi tó bá sọ pé òun ń yí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, torí ìgbà náà ló di oògùn lójú òfin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣọ́ ẹnu wọn lára ike. Wọn kì í sọ pé ó ń mú ìhunjọ kúrò, wọ́n á ní ó ń jẹ́ kó "dà bíi pé" ó dín kù.

Èyí tó ní ẹ̀rí ni ìdílé fítámì A. Tretinoin ni àgbà wọn. Nǹkan bí ọdún 1971 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún rorẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ tí Albert Kligman ṣe ní Yunifásítì Pennsylvania. Àwọn tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ojú àwọn ń jọ̀lọ̀. Lọ́dún 1995, wọ́n fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan fún ìlà wínníwínní. Dókítà ló ń kọ ọ́ fúnni. Retinol, tí ẹnikẹ́ni lè rà, ni àbúrò rẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò tó o. Oṣù bíi mélòó kan ni kí ẹ tó rí àyípadà. Ó ń bó awọ, ó ń mú un pọ́n, ó sì ń jẹ́ kí oòrùn tètè ṣe é léṣe. Aboyún àti ẹni tó ń wá oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Bí ẹni ọdún 25 bá ní rorẹ́, ó lè ṣe é láǹfààní lọ́nà méjì. Bí kò bá ní, lójú tèmi, kò pọn dandan, kó kọ́kọ́ máa lo adènà oòrùn fún ọdún mélòó kan ná.

Ti àwọn ọmọ ọdún 11 tó ti ń ra retinol, wèrè ni. Awọ wọn ń ṣe kọ́lájẹ́nì dáadáa. Iná ni wọ́n ń fi sí i lásán. Ní ọdún 2024, Apotek Hjärtat, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà oògùn ńláńlá ní Swídìn, fòfin de títa irú ìpara bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15.

Abẹ́rẹ́ "ìdènà"

Lọ́dún 1987, Jean Carruthers, dókítà ojú ní Vancouver lórílẹ̀-èdè Kánádà, ń fi májèlé botulinum díẹ̀ tọ́jú ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣẹ́ láìdúró. Obìnrin náà wá sọ pé ibi tí dókítà ń gún náà, ìfajúro ibẹ̀ ti ń lọ. Alastair, ọkọ Jean, dókítà awọ ara ni. Àwọn méjèèjì jọ gbé àbájáde wọn jáde lọ́dún 1992. Nígbà tó di 2002, FDA fọwọ́ sí Botox, orúkọ tí wọ́n fi ń ta májèlé náà, fún ìlà àárín ojú méjèèjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí iṣan ojú débẹ̀, iṣan ò sì ní lè fà. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, á padà.

Fún ìlà tó ti wà ni wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń tà á fún ọ̀dọ́ ní bí a ṣe ń fọ eyín kó má baà jẹrà náà ló rí: bí iṣan ò bá fà, ìlà ò ní wọlé. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ tín-ín-rín. Èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù jáde lọ́dún 2006, ìbejì méjì péré ló dá lé. Ọ̀kan ń gbé Los Angeles, ó gba abẹ́rẹ́ déédéé fún ọdún 13. Èkejì ń gbé Munich, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbà á. Iwájú orí ti àkọ́kọ́ jọ̀lọ̀ ju ti èkejì lọ. Èsì náà wuni, àmọ́ èèyàn méjì ni. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 25, tó ń gbà á lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, á ti gbà á nígbà 60 kó tó pé ọdún 45, láti dènà ohun tí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa pọ̀ tó lójú rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá gbọ́ gbogbo èyí, tó ṣì fẹ́ ẹ, owó rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ni. Kó ṣáà rí i pé oníṣègùn tó ní ìwé àṣẹ ló gún un. Ní ọdún 2024, àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà torí ayédèrú Botox àti abẹ́rẹ́ tí àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ gún. Abẹ́rẹ́ kejì, èyí tí wọ́n fi ń kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè, tún léwu ju Botox lọ: bó bá ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè fọ́ni lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀. Ní England, láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí ẹnikẹ́ni gún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní èyíkéyìí nínú méjèèjì torí ẹwà.

Ìbẹ̀rù náà ńkọ́?

Ìbẹ̀rù ogbó ní tirẹ̀ tó ń ṣe fún ara. Becca Levy, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yale, ti ṣe ìwádìí lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú èyí tó jáde lọ́dún 2002, àwọn tó ní èrò rere nípa dídàgbà fi ọdún 7.5 pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò wọn burú lọ. Èyí tó kan ọ̀dọ́ gan-an jáde lọ́dún 2009: wọ́n wo ìdáhùn tí àwọn kan ti fún wọn lórí àwọn àgbàlagbà nígbà tí wọn ò tíì pé ọdún 50, wọ́n sì tọpa ìlera wọn fún ọdún tó tó 38. Àwọn tó fojú burúkú wo àgbà nígbà yẹn ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ bá jù nígbà tó yá. Irú ìwádìí báyìí ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èrò ló fa àrùn, torí nǹkan mìíràn lè wà lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìṣirò wọn.

Àwọn kan wà tí tiwọn ti kọjá ìbẹ̀rù lásán. Wọn kì í lè kúrò nídìí dígí, wọn kì í lọ sóde torí ìlà tí ẹlòmíì ò rí, wọ́n á ṣe ojú lónìí, wọ́n á tún rí àléébù míì lọ́la. Àìsàn ni, ó sì lórúkọ: body dysmorphic disorder. Ìgbà ọ̀dọ́langba ló sábà ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ abẹ kì í wò ó, kàkà bẹ́ẹ̀ àléébù náà á kàn ṣí lọ síbòmíì ni. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ fún un wà, ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọpọlọ àti oògùn kan tí wọ́n tún ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Dókítà awọ ara tó mọṣẹ́ á fura sí i bí onítọ̀hún bá jókòó síwájú rẹ̀, kò sì ní gún un ní ohunkóhun, ṣe ló máa kọ̀wé rán an lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀.